Ẹṣin Kò Wo Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Sàn: Ibi Tí Ìtọ́jú Orí Ẹṣin Ti Ṣẹ̀ Wá

Ní òpin oṣù Keje ọdún 1952, wọ́n pe àwọn mẹ́ta tí wọ́n ta yọ nínú ìdíje ẹṣin tí a ń pè ní dressage kí wọ́n wá gba àmì ẹ̀yẹ wọn níbi Òlíńpíìkì tí ó wáyé ní Helsinki, olú-ìlú Fínláńdì. Henri Saint Cyr, ọ̀gá ológun láti ilẹ̀ Súwídìn, ni ó gba wúrà. Lis Hartel, obìnrin ẹni ọdún 31 láti ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ni ó gba fàdákà. Nígbà tí ó kan Hartel láti bọ́ sórí pèpéle, kò lè dá gùn ún. Saint Cyr ni ó ràn án lọ́wọ́ tí ó fi dé orí rẹ̀. Láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹsẹ̀ obìnrin náà méjèèjì ti rọ láti ọdún 1944, nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ú.

Irú ìtàn báyìí kì í pẹ́ di àsọdùn. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ẹṣin ni ó wo arọ sàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ Hartel kò padà bọ̀ sípò títí ó fi kú ní ọdún 2009. Òótọ́ tí ó wà nínú ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìyanu, ó sì wúlò jù ú lọ: ẹṣin fún un ní ọ̀nà tí ìwọ̀nba ara tí àìsàn ṣẹ́kù fún un fi tún rí iṣẹ́ ṣe. Orí òótọ́ yìí ni gbogbo ètò ìtọ́jú tí a ń fi ẹṣin ṣe káàkiri ayé dúró lé lónìí, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé tí apá àti ẹsẹ̀ kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu títí dé ọ̀dọ̀ àwọn jagunjagun tí ogun kò tíì tán lọ́kàn wọn. Ibi tí a bá ti gbàgbé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìwòsàn àti ìrànlọ́wọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn ti máa ń wọlé.

Ọdún 1921 ni wọ́n bí Lis Hartel sí Hellerup, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Copenhagen tí í ṣe olú-ìlú Dẹ́nmáàkì. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ẹṣin gígùn. Ní ọdún 1943 àti 1944, òun ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje dressage ti orílẹ̀-èdè rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944 ni àìsàn dé, nígbà tí ó wà nínú oyún ọmọ rẹ̀ kejì. Apá kò gbé, ẹsẹ̀ kò gbé. Ó bí ọmọ náà ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n àwọn dókítà sọ fún un pé bí ó bá tilẹ̀ tún rìn, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn. Wọn kò retí pé ó tún lè díje lórí ẹṣin.

Hartel kò fi ẹnu jà wọ́n níyàn. Iṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó tún bí a ti ń gbé apá sókè kọ́, ó kọ́ bí a ti ń rákò bí ọmọ ọwọ́, ó sì wá di ẹni tí ó ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó padà sórí ẹṣin. Ní ọdún 1947, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn àìsàn náà, ó ṣe ipò kejì nínú ìdíje dressage ti àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia. Ìsàlẹ̀ orúnkún kò ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ní láti gbé e gun ẹṣin, ẹlòmíràn ni ó sì ní láti gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe láàrin gígùn àti sísọ̀ ni àwọn onídàájọ́ ń wò.

Kí ènìyàn tó lè mọ bí ohun náà ti le tó, ó yẹ kí ó mọ irú eré tí dressage jẹ́. Kì í ṣe eré sísá. Kò sí ẹni tí ń lé ẹnikẹ́ni. Ẹṣin a máa rìn, a máa sáré kúkúrú, a máa yípo, a máa gbẹ́sẹ̀ ní ìdábùú, a sì máa dúró gbọn-in, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ àṣẹ tí ojú òǹwòran kò gbọ́dọ̀ tètè rí. Ẹsẹ̀ ni ẹni tí ó gun ẹṣin fi ń bá a sọ̀rọ̀ jù lọ: yóò fún un níhìn-ín, yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, yóò fi kẹ́ṣẹ́ kàn án fẹ́rẹ́. Hartel kò ní èdè yẹn mọ́. Èdè mìíràn ni òun àti abo ẹṣin rẹ̀, Jubilee, jọ kọ́: bí ìdí ṣe wúwo sí apá kan lórí gàárì, bí ẹ̀yìn ṣe nà tàbí tẹ̀, bí itan ṣe fún. Ní Helsinki, máàkì 541.5 ni wọ́n gbà. André Jousseaume ti ilẹ̀ Faransé, tí ó ṣe ipò kẹta, gba 541. Ààbọ̀ máàkì péré ni ó wà láàrin fàdákà àti idẹ. Àwọn onídàájọ́ ka máàkì. Wọn kò ka àánú mọ́ ọn.

Bí Hartel bá ti fẹ́ díje ní Òlíńpíìkì ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, òfin ni ìbá kọ́kọ́ dá a dúró, kì í ṣe àìsàn. Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹṣin kì í ṣe ẹran tálákà. Láti òkè ọya ni wọ́n ti ń rà á wá, ọba, ìjòyè àti àwọn akọni ogun Ọ̀yọ́ ni ó sì ń gùn ún. Bákan náà ni eré ẹṣin rí ní Yúróòpù. Títí di ọdún 1948, àwọn ọ̀gá ológun àti àwọn ọkùnrin tí a kà sí ọlọ́lá láwùjọ nìkan ni ó lè gun ẹṣin fún orílẹ̀-èdè wọn ní Òlíńpíìkì. Kò sí àyè fún obìnrin, kò sì sí àyè fún ọmọ ogun tí kò ní ipò. Ní London lọ́dún 1948, ẹgbẹ́ Súwídìn, tí Saint Cyr wà nínú rẹ̀, gba wúrà nínú dressage. Nígbà tí ó di ọdún 1949, wọ́n gba wúrà náà padà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn, Gehnäll Persson, jẹ́ sájẹ́ǹtì. Wọ́n kàn fi í joyè ọ̀gá fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè díje ni, wọ́n sì dá a padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí ìdíje parí.

Ọdún 1952 ni ìlẹ̀kùn ṣí. Persson padà wá gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ Súwídìn sì gba wúrà tí ẹnikẹ́ni kò gbà lọ́wọ́ wọn mọ́. Obìnrin mẹ́rin wọlé sí ìdíje dressage lọ́dún náà, Hartel sì wà lára wọn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹṣin ṣe fún aláìsàn yìí, ó yẹ kí a rántí ohun tí òfin ṣe pẹ̀lú. Ìgboyà obìnrin kan kì í tó nǹkan bí ẹnu ọ̀nà bá wà ní títì.

Bí ìròyìn fàdákà yìí ti ń dé Copenhagen, àrùn tí ó sọ Hartel di arọ ti ń tàn kálẹ̀ ní ìlú náà. Láàrin oṣù Keje àti oṣù Kejìlá ọdún 1952, ọ̀kan nínú àjàkálẹ̀ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí ó burú jù lọ ní Yúróòpù ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Blegdam, ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí kò ju méje lọ. Dókítà Bjørn Ibsen dábàá pé kí wọ́n la ihò sí ọ̀nà ọ̀fun, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,500 ni wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, tí wọ́n jókòó ti aláìsàn, tí wọ́n ń fún àpò náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀mí là kò ní kí apá àti ẹsẹ̀ ó là. Ìbéèrè tí ó délẹ̀ sí iwájú ọ̀pọ̀ òbí ni pé, ọmọ ti yè, báwo ni yóò ṣe lo ìyókù ayé rẹ̀? Ìgbà tí wọ́n ń béèrè bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtàn Hartel àti Jubilee dé etí wọn.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní ilẹ̀ Nọ́wè, Elsebet Bødtker, olùtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ tí àrùn náà bà lára jẹ́ gun àwọn ẹṣin kéékèèké ní àwọn ọdún 1950. Hartel fúnra rẹ̀ ń gun Jubilee kiri láti fi han àwọn ènìyàn ohun tí ó ṣeé ṣe, ó sì ń fi bẹ́ẹ̀ kó owó jọ fún àwọn tí àrùn náà mú. Ní ọdún 1956, nígbà tí òfin Australia lórí kíkó ẹran wọ̀lú mú kí wọ́n gbé apá ẹṣin nínú Òlíńpíìkì Melbourne lọ sí Stockholm, ó tún gba fàdákà, Saint Cyr ni ó sì tún gba wúrà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn kan sílẹ̀ lọ́dún 1964 lórí ẹṣin gígùn fún àwọn tí wọ́n ní ìpèníjà ara. Ìgbìmọ̀ náà ni ó di Riding for the Disabled Association lọ́dún 1969. Ọdún 1969 náà ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí a mọ̀ sí PATH International lónìí.

Kí ni ẹṣin ń ṣe gan-an? Àwọn àgbà ní a kì í gẹṣin ká má ju ìpàkọ́. Bí ènìyàn kò jù ú, ẹṣin tí ó gùn yóò mú un jù ú. Ọ̀rọ̀ ipò àti ọlá ni wọ́n ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n bí a bá mú un bí ó ti wà gẹ́lẹ́, ó ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa mi síwá sẹ́yìn, a máa mi sọ́tùn-ún sósì, a sì máa yí díẹ̀. Mímì yìí ń gbé ìbàdí ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ìbàdí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ti ń lọ. Ọmọ tí kò rìn rí láyé rẹ̀ yóò wá mọ̀ ní ìbàdí ohun tí ìrìn jẹ́. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, iṣan ikùn àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ ní láti gbá a mú kí ó má baà ṣubú, bóyá ó ń rò ó tàbí kò rò ó. Ooru ara ẹṣin náà a sì máa mú kí itan tí ó ti le gan-an dẹ̀ díẹ̀.

Ní Jámánì, Austria àti Switzerland, láti àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣègùn sọ mímì yìí di apá kan ìtọ́jú iṣan ara. Wọ́n fún un ní orúkọ tí wọ́n mú láti inú èdè Gíríìkì, hippotherapy, nítorí pé hippos ni àwọn Gíríìkì ń pe ẹṣin. Nínú irú èyí, aláìsàn kì í darí ẹṣin. Olùtọ́jú tí ó kọ́ṣẹ́ ni ó ń pinnu bí ẹṣin yóò ṣe rìn, ibi tí yóò yà sí àti ìgbà tí yóò dúró. Irú kejì ni ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn fúnra rẹ̀, níbi tí ẹni tí ó ní ìpèníjà ara ti ń kọ́ bí yóò ṣe di ìjánu mú tí yóò sì pàṣẹ. Irú kẹta jẹ́ ti ọkàn ju ti ara lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni kì í gun ẹṣin níbẹ̀ rárá. Nínú gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Fún ọmọ kan tí kò lè dá jókòó, ẹnìkan yóò mú ìjánu níwájú, ẹni méjì yóò rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, olùtọ́jú yóò máa wò ó, akoto yóò sì wà lórí ọmọ. Ẹni mẹ́rin àti ẹṣin kan, nítorí ọmọ kan.

Irú kẹta yẹn ni ó wá gbilẹ̀ láàrin àwọn tí ìṣẹ̀lẹ̀ búburú fi ọgbẹ́ sí lọ́kàn, pàápàá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ojú ogun bọ̀. Ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin láti ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìṣọ́ra ni ó fi wà láàyè. Bí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá fa ara le, tí ó ń kánjú, tàbí tí ó gbóhùn sókè, etí ẹṣin yóò yí, yóò fà sẹ́yìn. Bí olúwa rẹ̀ bá mí sísàlẹ̀ tí ó sì rọ ohùn, ẹṣin yóò padà súnmọ́ ọn. Ọkùnrin tí kò lè sùn lóru nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, yóò rí i pé ẹ̀dá kan wà níwájú òun tí kò bi òun léèrè ọ̀rọ̀, síbẹ̀ tí ó ń fi hàn án bí ara rẹ̀ ti rí. Orí èyí ni olùtọ́jú ọkàn yóò ti wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ìgbádùn nìkan ni yóò kù.

Kí wá ni ẹ̀rí? Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ 127 tí wọ́n ní ọ́tísíìmù, láti ẹni ọdún 6 sí 16. Fún ọ̀sẹ̀ 10, apá kan nínú wọn ń gun ẹṣin. Apá kejì wà ní ibi kan náà, wọ́n ń kọ́ nípa ẹṣin, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ẹṣin. Ìbínú òjijì àti àìlèjókòó-síbìkan dínkù jù lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gun ẹṣin, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì pọ̀ sí i. Ní ọdún 2021, Yunifásítì Columbia sọ èsì ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ kan fún àwọn 63 tí wọ́n ti jagun rí tí ìpayà ogun kò jẹ́ kí wọ́n ní àlàáfíà; ìdààmú púpọ̀ nínú wọn rọlẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ètò kejì náà kò ní ẹgbẹ́ mìíràn tí a lè fi wọ́n wé. Nípa àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò lè darí iṣan ara dáadáa, àwọn ìwádìí fi hàn pé ìjókòó wọn lè gún sí i, àwọn kan sì ń rìn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí kéré níye. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé àìsàn náà lọ.

Ohun tí ó ṣẹ́gun rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kì í ṣe ẹṣin. Àjẹsára ni. Ọdún 1955 ni wọ́n kéde pé abẹ́rẹ́ Jonas Salk ṣiṣẹ́. Ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yà kòkòrò àrùn náà tí ó ti inú ẹ̀dá wá, Nàìjíríà sì ni orílẹ̀-èdè tí ó kù kẹ́yìn kí ìkéde náà tó wáyé. Ẹni tí ó bá kọ àjẹsára fún ọmọ rẹ̀ kò ní rí ẹṣin kankan tí yóò dá ẹsẹ̀ náà padà. Àwọn tí àrùn náà ti bá jà ṣáájú sì ń bẹ láàrin wa, wọ́n ń fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ kiri ìgboro. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2019 láti dáàbò bo àwọn tí wọ́n ní ìpèníjà ara fún àwọn ilé ìjọba àti ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní ọdún 2024. Àtẹ̀gùn ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ilé.

Èyí kò sọ iṣẹ́ ẹṣin di asán. Lee Pearson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí pẹ̀lú àìsàn tí kò jẹ́ kí oríkèé ara rẹ̀ ká, ti fi ẹṣin gba wúrà 14 níbi ìdíje Paralympics láàrin ọdún 2000 àti ọdún 2021. Oríkèé ara rẹ̀ kò tíì ká. Òun náà, bí Hartel, kò dúró de ìgbà tí ara yóò pé kí ó tó ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe.

Bí irú ètò yìí bá ń gbèrú nílẹ̀ wa, àwọn tí yóò máa fi tajà yóò pọ̀. Gbígbé ọmọ gun ẹṣin etíkun Èkó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè mú inú ọmọ dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́jú. Òbí tí wọ́n bá wá bá pẹ̀lú ìlérí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹni tí ó jẹ́ olùtọ́jú níbẹ̀ àti ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́, ẹni tí yóò mú ìjánu, ẹni tí yóò rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, bóyá dókítà ti yẹ ọrùn àti ẹ̀yìn ọmọ wò, àti bóyá ẹṣin náà fúnra rẹ̀ ń jẹun dáadáa tí ó sì ń sinmi. Kí wọ́n tún béèrè ohun pàtó tí ọmọ yóò lè ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí kò lè ṣe lónìí: bóyá láti jókòó láìfi ọwọ́ ti ilẹ̀, bóyá láti gbé ṣíbí dé ẹnu. Bí ìdáhùn náà bá jẹ́ pé ọmọ yóò dìde rìn, kí òbí náà mú ọmọ rẹ̀, kí ó sì máa lọ sílé.